Eṣinṣin Ọsàn, Ibi tí Ó Ń Yé Sí, àti Èèrà tí Kò Yẹ Kí Àgbẹ̀ Dáná Sun

Àwọn àgbà a máa wí pé, kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ọ̀rọ̀ nípa ọmọ aráyé ni òwe náà, ó sì péye. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti gbé e lọ sí oko ọsàn mímu, níbi tí kò ti bá a mu rárá. Ìdin tí ènìyàn ń bá nínú ọsàn kò bá ọsàn dé ayé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òjò tàbí ọ̀rinrin ni ó dá a. Ìyá rẹ̀ ni ó gbé e síbẹ̀. Ìyá náà ń fò kiri ní ojú ọ̀sán, ó sì ti yẹ èso púpọ̀ wò kí ó tó yan ọ̀kan. Ohun tí ó ń wò kí ó tó yàn, àti ohun tí ń mú un kọ èso sílẹ̀, ni ó yẹ kí ẹni tí ó ní igi ọsàn kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé nígbà tí ẹyin bá ti wọ abẹ́ èèpo, agbára àgbẹ̀ lórí èso náà ti parí.

Irú ìbànújẹ́ kan náà ni ó ń dé bá àwọn olóko ọsàn lọ́dọọdún. Igi a so jìngbìnnì, olóko a sì ti fi ọkàn ṣírò owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti gbèsè tí yóò san. Bí ó ti ku díẹ̀ kí ìkórè dé, èso a bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ọ̀kan lónìí, mẹ́wàá lọ́la, títí ìdí igi yóò fi kún. Olóko a dá ẹ̀bi fún òjò, a dá a fún ilẹ̀. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa fura sí aládùúgbò tí ó gba abẹ́ igi kọjá tí ó sì yin èso rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ra oògùn apakòkòrò, tí yóò sì fín in sí gbogbo ara igi láti òkè dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èso tí ó já lónìí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí eṣinṣin ti yé sí i. Oògùn tí ó wà lára èèpo kò kan ìdin tí ó wà nínú ẹran ọsàn. Ọmọ tí yóò fi eyín bó ọsàn náà ní ọjọ́ kẹta ni ó kàn. Owó ti lọ, ọsàn kò bọ̀ sípò, oró sì ti wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ọjà.

Kí òdodo lè pé, kì í ṣe gbogbo ọsàn tí ó já ni eṣinṣin fọwọ́ kàn. Àfòpiná kan wà tí ń fi ẹnu gígùn lu ọsàn lóru láti mu omi rẹ̀. Òmíràn wà tí ń yé ẹyin sí òde èèpo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń dá ihò wọlé fúnra rẹ̀. Ara ọmọ ti ìkejì yìí a máa pupa díẹ̀, ó ní ẹsẹ̀, orí rẹ̀ sì hàn gbangba. Ìdin eṣinṣin funfun ni, kò ní ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí bí kò bá tẹjú mọ́ ọn. Kí olóko la èso márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú èyí tí ó já kí ó tó pinnu ẹni tí yóò bá jà. Ohun tí ó tẹ̀lé e níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ti eṣinṣin ni.

Eṣinṣin èso kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ceratitis, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Láti ilẹ̀ yìí ni ọ̀kan nínú wọn, Ceratitis capitata, ti bá èso kọjá òkun dé Yúróòpù, dé Bùràsíìlì, àti dé àwọn erékùṣù Hawaii. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003 ni wọ́n rí àlejò kan ní Kenya tí ó ti Éṣíà wá, kò sì pẹ́ tí ó fi gba ilẹ̀ Áfíríkà já láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Ní 2005 wọ́n sọ ọ́ ní Bactrocera invadens, èyí tí ó túmọ̀ sí agbóguntini, ní ọdún kan náà sì ni ìwé jáde pé ó ti wà nínú máńgòrò ní ilẹ̀ Bénẹ̀ẹ̀. Ní 2015 àwọn onímọ̀ tún wádìí, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀yà tuntun, pé Bactrocera dorsalis tí Éṣíà ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni. Orúkọ yí padà, ìwà kò yí padà. Ó tó eṣinṣin ilé ní títóbi, ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ gaara, àmì òféèfèé méjì tí ó pọ́n bí ẹyin adìẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò rò pé agbọ́n kékeré ni.

Abo eṣinṣin yìí kì í kánjú nígbà tí ó bá fẹ́ yé. Òórùn ni ó kọ́kọ́ ń mú un wá, òórùn èso tí ó ti ń gbó lọ sí pípọ́n. Bí ó bá sún mọ́ igi, ojú ni ó ń lò: ohun roboto ni ó ń wá, ohun tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń kúrò ní ti ewé, tí ó sì hàn yàtọ̀ láàrin ẹ̀ka. Kò fẹ́ràn oòrùn tí ń jó ni. Inú òjìji ewé ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni igi tí ẹ̀ka rẹ̀ dí pọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò gba inú rẹ̀ kọjá, fi ń jìyà ju igi tí wọ́n ti gé ẹ̀ka rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá bà lé èso, a rìn yí i ká, a fi ẹnu tọ́ èèpo wò, lẹ́yìn náà ni yóò na ohun ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ tí ó wà ní ìdí rẹ̀, yóò sì fi gún èèpo. Bí ibẹ̀ bá le jù, a ṣí kúrò, a gún ibòmíràn. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé, ó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì yé ẹyin funfun jọ síbẹ̀, tín-ín-rín, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ. Ẹyin tí abo kan lè yé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ju 1,000 lọ. Nígbà tí ó bá fò lọ, ohun tí ó kù kò ju ojú abẹ́rẹ́ kan lọ, ẹni tí ó ká ọsàn náà ní ọjọ́ kejì kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọsàn mímu kì í sì í ṣe ibùgbé tí ó rọrùn fún ọmọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti bó ọsàn rí ni ó mọ omi tí ń ta sí ni lójú láti inú èèpo. Òróró ni, ó sì lóró sí ẹyin àti ìdin eṣinṣin. Ní 1915, Back àti Pemberton, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí Ceratitis capitata ní Hawaii, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn yìí, wọ́n sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ ẹyin tí wọ́n bá yé sínú èèpo ọsàn ni ń kú níbẹ̀, tí ìdin mìíràn sì ń kú kí ó tó dé ibi omi. Bí ọ̀ràn bá mọ síbẹ̀, ọsàn ì bá má mọ eṣinṣin ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n nígbà tí abo bá rí ihò tí òmíràn ti dá, ibẹ̀ gan-an ni ó ń fẹ́ yé sí. Òróró ojú ihò náà ti tú, ó ti gbẹ, ọ̀nà sì ti là. Ohun tí ó pa ọmọ ẹni àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́ láti pa ọmọ ẹni ìkẹta. Èyí ni ó fà á tí ọsàn mẹ́wàá fi lè wà lórí ẹ̀ka kan, tí mẹ́sàn-án nínú wọn mọ́ tónítóní, tí ìkẹwàá sì kún fún ìdin. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í sábà rí ìyọnu yìí. Gìrépù àti táńjáríìnì a máa rí i ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìdí nìyí tí ojú ọgbẹ́ kankan lára ọsàn kò fi jẹ́ ohun kékeré. Ẹ̀gún tí ó ha èèpo nígbà tí atẹ́gùn ń mì igi, ẹyẹ tí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì fi í sílẹ̀, irin ọ̀pá gọ̀gọ̀ tí ó yẹ̀ kúrò lára èso kan tí ó sì gún ìkejì, gbogbo wọn ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Èyí tí ó burú jù ni òkò. Ọmọdé tí ó ju òkò sí igi ọsàn a mú ọ̀kan délé, a sì fi ọgbẹ́ sára márùn-ún tí ó kù sókè. Àwọn òbí a máa bá a wí nítorí olè; ó yẹ kí wọ́n bá a wí nítorí òkò pẹ̀lú. Bí ọjọ́ díẹ̀ bá kọjá lẹ́yìn tí eṣinṣin ti yé, ojú ibi tí ó gún a máa pọ́n kí ìyókù èso tó pọ́n, tí yóò dàbí ojú owó kékeré kan lára èèpo tí ó ṣì tutù. Bí ènìyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dẹ̀. Olóko tí ó bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró kí èso náà já fúnra rẹ̀. Kí ó ká a ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé ìdin ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì dé ilẹ̀.

Ohun kan wà tí Ọlọ́run fi ṣe ojú rere sí àwọn olóko ilẹ̀ olóoru. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú lóru, èèpo ọsàn a máa pọ́n roro kí wọ́n tó ká a. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọsàn a máa dùn nínú nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Àwọn tí ń rà á mọ èyí, wọn kì í sì í kọ ọsàn nítorí pé kò pọ́n lára. Nítorí náà àgbẹ̀ lè ká èso tí ó ti gbó nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì máa pe eṣinṣin tí èèpo rẹ̀ kò sì tíì dẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ènìyàn ń ṣe? Wọ́n ń fi ọsàn tí ó ti gbó sílẹ̀ lórí igi, wọ́n ń retí pé owó rẹ̀ yóò gòkè nígbà Kérésìmesì. Lóòótọ́ owó a máa gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó lè rí èrè díẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì pàdánù apẹ̀rẹ̀ kan nínú mẹ́rin, kò jèrè nǹkan kan. Kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun pàdánù, nítorí pé èso tí ó jẹrà sí ìdí igi kò sí ẹni tí ń kà á.

Ìdin kì í pẹ́ nínú ọsàn. Ẹyin ń pa lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ìdin sì ń jẹun fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Nígbà náà ni yóò jáde kúrò nínú èso, tí yóò wọ inú ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì tàbí mẹ́ta, tí awọ ara rẹ̀ yóò sì le bí hóró ọkà bàbà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, eṣinṣin tuntun yóò yọ láti inú erùpẹ̀, yóò gbẹ ìyẹ́ rẹ̀, yóò sì fò sókè sórí igi tí èso rẹ̀ tí ó jẹrà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọsàn jíjẹrà sílẹ̀ kí ó lè di ajílẹ̀ ń sin eṣinṣin ni. Ẹni tí ó sì gbá a jọ sí orí ààtàn kò sàn jù ú lọ, nítorí pé ààtàn rọ̀, ó sì gbóná, ìdin kò sì ní ibùgbé tí ó dára ju èyí lọ. Kòtò ẹsẹ̀ bàtà méjì ni kí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n kó èso sínú rẹ̀, kí wọ́n bo ó, kí wọ́n sì tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá ní agbára kòtò lè kó wọn sínú ọ̀rá dúdú, kí ó di ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ó sì gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru inú rẹ̀ yóò pa wọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ náà kò kọ irú oúnjẹ yìí. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ yìí yẹ, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ó sì yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa igi tí kò ní olówó. Nínú ọgbà ìjọ àti ọgbà ilé-ìwé ni máńgòrò ńláńlá wà jù, èyí tí àwọn tí ó ti sùn nínú Olúwa gbìn fún òjìji. Èso wọn ń já, ọmọdé ń mú èyí tí ó dára, ìyókù ń jẹrà lábẹ́ igi, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí iṣẹ́ tirẹ̀ láti gbá a. Àwọn olùwádìí rí i ní apá àríwá Bénẹ̀ẹ̀, ní 2006, pé láti àárín oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ni àlejò láti Éṣíà yìí ń pọ̀ sí i kíákíá, ìgbà náà sì ni máńgòrò tí ó pẹ́ ń pọ́n. Láti inú máńgòrò ni yóò lọ sínú gúáfà, láti inú gúáfà sínú ọsàn. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí ó wà ní ìwọ̀n ibùsọ̀ kan sí ọgbà ìjọ ni gbèsè náà yóò bọ́ sí. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbá ọgbà ní ọjọ́ Sátidé kí wọ́n tó jọ́sìn ní ọjọ́ kejì ní iṣẹ́ kan tí wọ́n lè fi kún un, tí kò ní gbà ju wákàtí kan lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èèrà, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Èèrà pupa kan wà tí ń gbé orí igi ọsàn, orí máńgòrò, àti orí kòkó, tí ń fa ewé pọ̀ mọ́ra, tí ń fi òwú tí ó ti ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ jáde rán wọn, títí wọn yóò fi di ilé roboto. Kò sí ẹni tí ó ti gun igi ọsàn rí tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ń bu ni jẹ, ó sì ń tú omi kíkan sí ojú ibi tí ó bù jẹ. Nítorí èyí, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ olóko ń ṣe nígbà ìkórè ni pé wọ́n ń so àkísà mọ́ orí ọ̀pá, wọ́n ń ti iná bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi jó ilé èèrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà yá, ó sì ń tẹ́ni lọ́rùn. Ó dàbí ìgbà tí baálé ilé bá pa ajá rẹ̀ nítorí pé ó ń gbó.

Ní 2005 àti 2006, Paul Van Mele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo oko máńgòrò mẹ́fà ní àyíká Parakou ní ilẹ̀ Bénẹ̀ẹ̀, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2007. Níbi tí èèrà yìí ti pọ̀ lórí igi, èso tí eṣinṣin bà jẹ́ kò ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ. Níbi tí kò ti sí rárá, ó tó 24 nínú 100. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí yóò rò pé èèrà ń mú eṣinṣin pa jẹ ni. Ó ń mú díẹ̀, ó sì ń mú ìdin tí ó bá jáde kúrò nínú èso. Ṣùgbọ́n eṣinṣin yára ju èèrà lọ púpọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí wọ́n tún rí lẹ́yìn náà, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2009. Wọ́n mú èso tí èèrà ti rìn lé lórí, wọ́n kó gbogbo èèrà kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì gbé e síwájú eṣinṣin pẹ̀lú èso tí èèrà kò fọwọ́ kàn rí. Eṣinṣin kò fẹ́ yé sí èyí tí èèrà ti rìn lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èèrà kan níbẹ̀ mọ́. Ohun tí èèrà fi sílẹ̀ lára èèpo ni ó lé e. Èèrà kò pa ìyá, kò pa ọmọ. Ó ba ibi ìyéyin jẹ́ fún un ni, èyí tí fífín oògùn lẹ́yìn tí èso bá ti ń já kò lè ṣe láéláé.

Máńgòrò ni wọ́n fi dán èyí wò, kì í ṣe ọsàn. Ẹni tí ó bá sọ pé iye náà yóò bá ti ọsàn dọ́gba ń ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n eṣinṣin kan náà ni, èèrà kan náà ni. Ọsàn sì ni ìlò èèrà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ayé, bí ìwé ti fi hàn. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìwé kan tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Ji Han, tí wọ́n fi ọdún 304 lẹ́yìn ìbí Kristi sí, sọ nípa àwọn ará gúúsù tí ń ta èèrà pupa ní ọjà, pẹ̀lú ilé wọn nínú àpò tí wọ́n fi ẹní hun, kí àwọn olóko lè gbé e kọ́ sórí igi ọsàn. Ó ní bí igi kò bá ní èèrà yìí, kòkòrò yóò ba gbogbo èso rẹ̀ jẹ́. Ìbátan èèrà ti Áfíríkà ni èèrà ti Ṣáínà, ìwà wọn sì jọra. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Ji Han fi ọparun ṣe afárá láti igi dé igi kí èèrà má bàa máa sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀. Ní ilẹ̀ kan wọ́n ń fi owó ra á, ní ilẹ̀ mìíràn wọ́n ń fi iná jó o.

Àwọn tí kò fẹ́ èèrà ní ẹjọ́ láti rò, kò sì dára kí wọ́n fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní àkọ́kọ́, ó ń bu àwọn alágbàṣe jẹ, alágbàṣe a sì máa béèrè owó púpọ̀ sí i láti gun igi tí ó ní èèrà. Èyí rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gọ̀gọ̀ tí wọ́n so àpò mọ́ ní ẹnu yóò ká èyí tí ó pọ̀ jù láti ilẹ̀, eérú tí wọ́n bá sì fi pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí èèrà lè di ara mú dáadáa. Ní èkejì, ó ń ṣọ́ àwọn kòkòrò funfun tí ń fa omi ẹ̀ka, nítorí omi dídùn tí wọ́n ń yọ, bí darandaran ti ń ṣọ́ ẹran rẹ̀. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níbi tí kòkòrò funfun bá ti bo ẹ̀ka kan, kí wọ́n gé ẹ̀ka náà kúrò kí wọ́n sì sun ún. Bí ó bá bo igi púpọ̀ nínú oko, kí olóko pe òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kí ó wá wò ó kí ó tó dá èèrà lẹ́jọ́. Láàrin ìyọnu kòkòrò funfun tí ojú lè rí àti ti ìdin tí ojú kò lè rí títí èso yóò fi bọ́, èyí tí ojú rí ni ó sàn kí àgbẹ̀ bá jà.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kẹ́gàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń yìn ju bí ó ti yẹ lọ. Ìgò ìdẹ tí òórùn inú rẹ̀ ń fa akọ eṣinṣin ń kún fún òkú wọn, ó sì ń dùn mọ́ olóko láti kà wọ́n. Akọ ni gbogbo wọn. Abo tí ó ti gbọlẹ̀ ẹyin kò yà sí ìgò náà. Ó ti lọ sí ara èso. Ìgò náà dára láti fi mọ ìgbà tí eṣinṣin ti dé sí oko, àti iye tí ó dé. Ìdẹ tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe ló sàn jù fún abo, nítorí pé kò lè yé ẹyin dáadáa bí kò bá rí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jẹ. Wọ́n ń po oògùn díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń ta á sí ojú kan ṣoṣo lórí ewé igi kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe sára èso. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní èèrà lórí igi rẹ̀ ṣọ́ ọwọ́ nípa oògùn gbogbo. Èyí tí ó pa eṣinṣin yóò pa èèrà, eṣinṣin yóò sì tètè padà wá láti oko ẹlòmíràn, nígbà tí ó lè pẹ́ púpọ̀ kí èèrà tó tún kún igi.

Ẹni tí igi rẹ̀ kò bá ní èèrà lè mú un wá láti igi mìíràn. Kí ó wá ilé èèrà lórí igi kan ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ara wọn kò tíì gbóná tí ọ̀pọ̀ wọn sì wà nínú ilé. Kí ó gé ẹ̀ka tí ilé náà wà lórí rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó bọ́ sínú àpò, kí ó sì di ẹnu àpò náà. Kí ó gbé e kọ́ sáàrin ẹ̀ka igi ọsàn, kí ó sì ṣí ẹnu rẹ̀. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti orí igi kan náà sàn ju ẹyọ kan lọ. Bí ó bá gbé omi ṣúgà díẹ̀ sí ẹ̀bá wọn fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò ní tètè ṣí lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán ewé, kí ó na okùn tàbí ọ̀pá láti igi yìí sí igi kejì. Ṣùgbọ́n kí ó kíyè sí i pé ìdílé kan ṣoṣo ni ó ń kó wá: bí ó bá kó ilé láti orí igi méjì tí ó jìnnà sí ara wọn pọ̀ sí ibì kan, wọn kì í gba ara wọn, ogun ni wọn yóò jà títí ọ̀kan yóò fi tán, eṣinṣin yóò sì máa rí àyè yé ní gbogbo ọjọ́ ìjà náà.